Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: “Wọn Ò Dá Mi Dúró sí Ọsibítù, Ṣé Ìtọ́jú Nìyẹn?”

Látìgbà tá a ti kọ̀wé nípa tramadol lóṣù tó kọjá, pé kì í ṣe ẹgbẹ́ Panadol rárá, pé ìdílé kan náà ni òun àti kódíìnì àti heroin, lẹ́tà ò dákẹ́. Àwọn kan kọ ọ́ sí bébà, àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹnì kan tiẹ̀ sunkún débi pé kò lè parí ọ̀rọ̀. Mo rò pé àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ló máa pọ̀ jù, àṣé àwọn tó ti ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ni, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láti ilé, tí ará ilé ò sì gbà pé ìtọ́jú ni wọ́n ń gbà. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Mo yọ orúkọ kúrò, mo sì gé èyí tó gùn jù kúrú.

Ọlọ́kadà kan, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí, ọ̀kadà ni mò ń gùn. Èmi ò tìtorí fàájì bẹ̀rẹ̀ o, iṣẹ́ ni, èèyàn á jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, á gùn ún títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n máa lo tramadol pé ẹ̀yìn ò ní dùn mí mọ́, lóòótọ́ kò dùn mí mọ́. Ọ̀kan di méjì, méjì di káàdì kan lóòjọ́, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 225 yẹn ni mò ń lò, títí gìrì fi mú mi lórí ọ̀kadà, Ọlọ́run ló yọ mí. Wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù. Dọ́kítà tó rí mi ò bú mi, ìyẹn gan-an yà mí lẹ́nu. Wọ́n fún mi lóògùn fún inú rírun àti ara ríro, wọ́n ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n sì mú ẹnì kan dání. Mo ń lọ o, ara mi sì ti ń tò díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bàbá mi ní owó ọkọ̀ ni mò ń ná dànù, pé tó bá jẹ́ ìtọ́jú gidi ni wọn ì bá ti dá mi dúró, kí wọ́n tì mí mọ́lé fún oṣù mẹ́ta. Èmi náà, mi ò ní parọ́, ọkàn mi ṣì ń fà sí i, pàápàá tí mo bá dé gáréèjì, oorun ò sì tíì padà. Ṣé wọ́n ń tọ́jú mi ni àbí wọ́n ń fi mí ṣeré?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìtọ́jú gidi ni. Ibi tó ti dàrú mọ́ bàbá ẹ lójú ni pé ọ̀tọ̀ ni kí òògùn kúrò lára, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn mọ bó ṣe máa gbé láìsí i. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni yíyán, ikun imú, omi ojú, kí ara máa gbọ̀n, kí irun ara dìde, ìgbẹ́ gbuuru, egungun tó ń ro bíi pé wọ́n na èèyàn. Láàárín ọjọ́ kan tí èèyàn lò ó gbẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, èyí tó le jù níbẹ̀ á ti lọ. Tramadol tún ní wàhálà tiẹ̀ torí kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, àwọn kan máa ń bẹ̀rù láìnídìí tí wọ́n bá dá a dúró, àwọn míì á máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Gìrì tó mú ẹ yẹn náà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, torí 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí, 225 tí wọ́n ń tà fún yín yẹn ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Èkejì ló ń gba àkókò, kò sì sí bí èèyàn ṣe fẹ́ kọ́ ọ tán nínú yàrá tí wọ́n tì. Nínú yàrá yẹn kò sí gáréèjì, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí aago mẹ́rin ààbọ̀, ọjọ́ tó o bá jáde ni gbogbo wọn máa tún pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kò burú tí wọ́n bá dá ẹni tó le gan-an dúró o, àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n dá dúró, ẹni tí gìrì ò yéé mú, ẹni tó fẹ́ pa ara ẹ̀, ẹni tí kò ní ibi tó máa sùn. Àmọ́ àwọn náà ṣì máa padà wálé. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ títì mọ́lé nìyí: ẹni tí ò bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ẹ̀ ò lè gbé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá wá jáde tó padà sórí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè dá èémí ẹ̀ dúró pátápátá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n tàbí nílé ìtọ́jú ló ń kú báyìí jù, ìwọ náà sì wà nínú ewu yẹn báyìí tó o bá padà sí káàdì kan, jọ̀ọ́ má gbàgbé.

Sọ fún bàbá ẹ pé Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an ni ayé ti wá kọ́ irú ìtọ́jú yìí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ò kó gbogbo aláìsàn ọsibítù Arò sínú wọ́ọ̀dù. Ó ní kí wọ́n gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó wà láyìíká, kí ẹbí kan ó kéré tán bá wọn gbé, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á wá gba ìtọ́jú, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà sílé. Òótọ́ ni pé àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé ni nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ tramadol, ṣùgbọ́n ohun tó rí nìyẹn, pé aláìsàn tí ẹbí ẹ̀ wà nítòsí tó sì ń ṣe nǹkan bí èèyàn, kì í pẹ́ kára ẹ̀ tó tò. Òun yìí ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, o, kì í ṣe ẹni kékeré. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kó o mú ẹnì kan dání. Bàbá ẹ ni kó o mú lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó jókòó, kó bi dọ́kítà ní ìbéèrè tó ń bi ẹ́ nílé.

Ọkàn tó ń fà, kò túmọ̀ sí pé òògùn ò ṣiṣẹ́. Ó máa ń dé, á le, á sì rọlẹ̀ tí o kò bá dá a lóhùn, sọ ọ́ fún wọn ní ọsibítù bó ṣe ń ṣe ẹ́, má fi pamọ́ torí ojú ń tì ẹ́. Oorun lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà, má lọ ra òògùn oorun ní kẹ́míìsì, àwọn Valium àti Rohypnol yẹn pẹ̀lú tramadol, èémí ni wọ́n jọ ń fà sẹ́yìn. Ọ̀kadà ńkọ́? Má tíì gùn ún títí dọ́kítà á fi sọ pé kò sí gìrì mọ́. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀, mi ò sọ pé ó rọrùn. Tó o bá sì máa padà sídìí ẹ̀, wákàtí tó o fi ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dín kù, torí ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ ló gbé ẹ dé ibẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ṣì wà.

Ìyá kan, Ìbàdàn

Ẹ gbà mí o. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, ọdún méjìlélógún, ilé ìwé gíga ló wà. Kódíìnì ló kọ́kọ́ ń mu, wọ́n ní ìjọba ti fòfin dè é, àmọ́ ó ń rí i rà, ó wá kan tramadol, ó kan èyí tí wọ́n ń pò mọ́ra tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà. Obìnrin kan lọ́jà wa ní òun mọ ibì kan tí wọ́n á ti so ṣẹkẹṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa gbàdúrà fún un, wọ́n á máa fún un lágbo, pé tó bá fi máa pé oṣù mẹ́fà á ti gbàgbé. Mo ti san owó díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ yìí ní tí mo bá mú òun débẹ̀ òun á sá lọ sí Èkó, àmọ́ pé òun lè lọ ọsibítù tó bá jẹ́ pé òun á máa sùn sílé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ lọ gba owó yín. Tí wọn ò bá dá a padà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ ò gbàgbé ọ̀rọ̀ Òjòó níbẹ̀ yẹn lọ́dún 2019, nígbà tí ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé ìtúnwàṣe, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹbí wọn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ, pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́ ṣe yìí. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ kì í wo nǹkankan sàn. Ó máa dá lílò dúró lóòótọ́ torí kò rí i rà, ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, ewu tí mo sọ fún ọlọ́kadà lókè yẹn ló ń dúró dè é. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2023 náà ò fara mọ́ ọn kí wọ́n máa so aláìsàn mọ́lẹ̀ bí ẹran.

Àdúrà yín, ẹ má dá a dúró. Ẹ ṣáà máa gbà á nílé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún kà nínú lẹ́tà yín ni ibi tí ọmọ ti sọ pé òun lè lọ ọsibítù. Màmá, mélòó ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú kó tó yí i padà, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Ìbàdàn lẹ wà, UCH ní ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn aláìsàn báyìí tí wọ́n á sì padà sílé. Tó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yà sí, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040, tọ̀sán tòru. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ tó pọ̀, wọ́n lè gba ìtọ̀ ẹ̀, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ jáde kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ má bínú, ẹ jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sọ fún mi pé ìṣẹ́jú tí ìyá wọn jáde yẹn ni wọ́n tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fúngbà àkọ́kọ́.

Ó lè padà lò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi sílẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ má lé e jáde, ẹ jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì bá a tó sùn tí kò ṣe é jí, tó ń hanrun lọ́nà tí kò dáa, tí èémí ẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, tí ọmọ ojú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má bu epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má bàa gbé èébì mì, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù kíá, ẹ sì sọ ohun tó lò fún wọn láìfi nǹkankan pa mọ́. Òògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone tí wọ́n lè gún un, ó máa ń lé irú òògùn yìí kúrò níbi tó ti di èémí mú, tẹ́ ẹ bá sì sọ ohun tó lò fún wọn, wọ́n á lè tètè mọ̀ pé òun ló yẹ kí wọ́n lò.

Arábìnrin kan, Peckham, London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lo heroin fún ọ̀pọ̀ ọdún níbí, a ò mọ̀ nílé, a kàn ń rí i pé owó kì í dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Báyìí ó ti wà lábẹ́ ilé ìtọ́jú àdúgbò, àràárọ̀ ló ń lọ mu methadone, òògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, ní kẹ́míìsì, omi aláwọ̀ ewé yẹn, lójú ẹni tó ń tà á ló ti ń mu ún. Kí n má parọ́, ó ti yàtọ̀. Ó ti rí iṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń pe màmá wa nílé lọ́jọọjọ́ Sunday. Àmọ́ màmá ní wọ́n kàn gba igbá lọ́wọ́ ẹ̀ wọ́n fún un láwo ni. Pásítọ̀ wa náà ti kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ó ní kó fi òògùn yẹn sílẹ̀ kí ìtúsílẹ̀ lè pé. Èyí tó wá dá a lágara ni pé ará ìjọ kan bá a níbi tó ti ń mu ún, látọjọ́ yẹn ó ní òun ò fẹ́ lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ló máa mu ún dé?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ bá mi kí i, kó má ṣe fi sílẹ̀.

Heroin máa ń gun orí lójijì, á sì tún já lulẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, èèyàn á tún jáde lọ wá a, gbogbo ọjọ́ lọ sórí ẹ̀. Methadone máa ń wọra díẹ̀díẹ̀, á sì dúró fún odidi ọjọ́ kan, tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, kì í pani bí ọtí, ara ò ní máa ro, ọkàn ò ní máa fà. Ìyẹn ló fi lè lọ síbi iṣẹ́. Dókítà Vincent Dole àti Dókítà Marie Nyswander ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní New York láàárín ọdún 1960 sí 1970, WHO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn òògùn tí kò yẹ kó wọ́n lórílẹ̀-èdè kankan láti 2005, òun àti buprenorphine, òògùn míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí Màmá fi igbá àti àwo wọn sílẹ̀, kí wọ́n wo ọmọ tó ń pè wọ́n lọ́jọọjọ́ Sunday. Mélòó ló pè wọ́n nígbà tó ń lo heroin?

Ti pásítọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o: kò sẹ́ni tó máa ní kí oní-dàyàbítíìsì fi ínsúlínì sílẹ̀ torí ààwẹ̀, tó bá sì wà, kò yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá dá a dúró lójijì, àárín ààwẹ̀ yẹn ni ìnira máa bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kú sì pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn kúrò lórí ẹ̀ ju ìgbà tó ṣì ń mu ún lọ. Ohun míì tún wà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀: tó bá pa á jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, kẹ́míìsì ò ní fún un mọ́, wọ́n á ní kó padà lọ rí àwọn ilé ìtọ́jú kí wọ́n tún un wọ̀n, torí iye tó ń mu tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ara ẹ̀ lè gbé lọ. Tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, àwọn Mùsùlùmí ń ṣe é nígbà Ramadan, wọ́n á bá a wá àkókò tó bá a mu.

Ojú tó ń tì í yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí nínú àwọn lẹ́tà tó wá láti London àti Manchester, òun ni wọ́n sọ jù, kì í ṣe òògùn gan-an. Pé wọ́n ní kí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n kọ́kọ́ dá oníbàárà míì lóhùn. Pé wọ́n pe orúkọ ẹ̀ sókè. Pé wọ́n ní kó la ẹnu kí wọ́n rí i pé ó ti gbé e mì, níwájú àwọn tó wá ra ìpara. Àwọn kan sì sọ òdìkejì, pé ẹni tó wà ní kẹ́míìsì yẹn nìkan ló ń bi àwọn láràárọ̀ pé báwo ni. Kẹ́míìsì ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó ní ibẹ̀ lòun ti fẹ́ máa mu ún, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni láti béèrè. Ó lè ní kí wọ́n yí òun sí kẹ́míìsì míì tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Tí ara bá ti balẹ̀ dáadáa, wọ́n lè máa fún un lọ sílé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nígbà yẹn kó wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, torí díẹ̀ nínú ẹ̀ lè pa ọmọdé. Abẹ́rẹ́ buprenorphine kan sì tún wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn tó rí i gbà ní ìyẹn ló gba àwọn lọ́wọ́ àràárọ̀. Kó bi wọ́n bóyá ó bá a lára mu. Kẹ́ ẹ sì gba naloxone sílé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ẹbí.

Ọjọ́ tó máa dá a dúró? Kò sí ọjọ́ kan pàtó. Àwọn kan lo ọdún kan, àwọn kan mẹ́wàá, àwọn kan ò fi sílẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ dín in kù, díẹ̀díẹ̀ ni, òun ló sì máa sọ ìgbà tó fẹ́, kì í ṣe Màmá, kì í ṣe èmi.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ má tìtorí èyí lọ béèrè methadone lọ́wọ́ alákẹ́míìsì àdúgbò o. Láìsí dọ́kítà tó ń wọ̀n ọ́n, ó ń pa èèyàn.)

Ọmọbìnrin kan, Èkó

Síkúlà ni mí. Abẹ́rẹ́ pentazocine tí wọ́n ń gún mi nígbà ìrora ló di bárakú fún mi, ẹnì kan ló ń bá mi rà á, èmi ni mo ń gún ara mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń lọ, wọn ò sì fojú burúkú wò mí. Àmọ́ ìgbà tí ìrora gidi tún dé lóṣù tó kọjá, mo lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù míì, nọ́ọ̀sì kan wo apá mi ó ní “ẹ ti tún dé, ẹ̀yin oní-pẹ́ńtá.” Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ń gba ìtọ́jú.

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ojú tì mí nígbà tí mo ka èyí. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Ìrora yín òótọ́ ni, bárakú náà òótọ́ ni, ọ̀kan ò pa ìkejì rẹ́. Ẹni tó wà lẹ́nu ìtọ́jú ṣì gbọ́dọ̀ rí òògùn ìrora gbà nígbà tí síkúlà bá gbé e dè, ohun tó yàtọ̀ ni pé kó jẹ́ pé wọ́n ti jọ pinnu ẹ̀ sílẹ̀. Dọ́kítà ẹ̀jẹ̀ yín àti dọ́kítà tó ń tọ́jú bárakú yín, ṣé wọ́n mọ ara wọn? Tí wọn ò bá mọ ara wọn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ fún ẹnì kìíní ní nọ́ńbà ẹnì kejì. Ẹ bi dọ́kítà ẹ̀jẹ̀ nípa hydroxyurea tẹ́ ò bá tíì máa lò ó, ó máa ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù, ìrora tí kò bá dé ò béèrè abẹ́rẹ́. Pentazocine gan-an, ẹ má tún gún un fúnra yín, ẹ ti rí bó ṣe ń sọ ẹran ara di líle tó sì ń dá egbò, síbẹ̀ ẹ má dá a dúró lójijì lẹ́yìn àwọn tó ń tọ́jú yín.

Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìwé kan fún yín, ojú ewé kan péré, tí wọ́n buwọ́ lù: irú ẹ̀jẹ̀ yín, pé ẹ wà lẹ́nu ìtọ́jú, òògùn ìrora tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fún yín, iye ẹ̀, èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún yín, àti nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì pàjáwìrì lè pè lóru. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù, kẹ́ ẹ fún ẹni tó máa ń bá yín lọ sọ́sibítù ní ẹ̀dà kan, torí nígbà tí ìrora bá dé, òun ló máa lè sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.